Ẹ ṣọ́ra! Calcium tí wọ́n kọ 325 sí lára, wóró ló kún inú ẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń po ọ̀dà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára àpò gbọ́. Oníṣòwò tó ta calcium, ìyẹ̀fun òkúta funfun tá a fi ń po ọ̀dà, fún mi ti lù mí ní jìbìtì. Àpò 30, kílò 25 ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ni wọ́n kọ 325 sí gàdàgbà. Asẹ́ 325 ni asẹ́ tó ní ihò 325 lórí ínṣì kan ní gígùn; ihò ẹ̀ kò ju nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 45 lọ (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan). Ohun tó bá gba ibẹ̀ kọjá, tí ẹ bá fi ìka méjì ra á, ńṣe ló yẹ kó máa yọ̀ bí àtíkè. Eléyìí ń dún láàárín eyín!

Àpò 14 ti wọnú ọ̀dà kí n tó mọ̀. Ó hángahànga lára ògiri. Lọ́jọ́ kẹta, ìdí korobá ti le gbagidi, torí wóró tó bá fi ìlọ́po méjì tóbi ju èkejì lọ, ìlọ́po mẹ́rin ló fi ń yára rì. Ọ̀dà oníbàárà ni o! Ojú tì mí gan-an.

Hammer mill ni wọ́n fi lọ̀ ọ́. Òòlù irin ló ń fọ́ òkúta nínú ẹ̀, àwo oníhò abẹ́ ẹ̀ ló ń pinnu ohun tó máa jáde. Bí òòlù bá ti jẹ, tí àwo sì fàya, wóró a máa bá ìyẹ̀ jáde. Ti Raymond mill, ẹ̀rọ tó ń fi rólà lọ òkúta, yàtọ̀: atẹ́gùn ló ń gbé èyí tó kúnná lọ, èyí tó tóbi á padà sábẹ́ rólà. Iye owó méjèèjì kò lè dọ́gba, oníṣòwò yìí sì mọ̀!

Àwọ̀ calcium náà tún ṣú. Irin tó ń jẹ lára òòlù ló bọ́ sínú ẹ̀. Bọ́ọ̀lù irin inú ball mill, ẹ̀rọ tó ń fi bọ́ọ̀lù lọ òkúta, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó fẹ́ kó funfun fi ń lo bọ́ọ̀lù sérámíìkì. Bó bá gbẹ, ojú lè má rí i. Ẹ pò ó mọ́ omi lórí gíláàsì, kẹ́ ẹ fi èyí tó dáa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àwọ̀ eérú lẹ máa rí.

Mo mọ̀, ó yẹ kí n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n mo yẹ̀ ẹ́ wò! Àpò mẹ́ta tó wà lókè ni mo tú, wọ́n kúnná, wọ́n funfun báláú. Ṣé gbogbo 30 ni ǹ bá tú lójú ọ̀nà ni? Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tò ó bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò gba oníṣòwò kankan gbọ́ mọ́, ì báà jẹ́ ẹni tí mo ti ń bá rà tipẹ́.

Ẹ bu u láti àpò ìsàlẹ̀. Ẹ wọn gíráàmù 100, ẹ fi omi ṣàn án gba asẹ́ 325 títí omi á fi mọ́, ẹ sá ohun tó bá kù, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Bó bá ju gíráàmù 1 lọ, ẹ dá a padà. Ẹ fi ọ̀rá wé òòfà, kẹ́ ẹ fi ro ó nínú omi. Bí nǹkan dúdú bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni.

Oníṣòwò yìí ṣì ń sọ fún mi pé ẹ̀rọ kan náà ló lọ gbogbo ẹ̀. Irọ́! Àpò 16 tó kù wà nílẹ̀ níbí, kó wá kó o, kó sì mú owó mi dání.