Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí mo fowó ara mi rà lẹ́yìn ọdún 22 nídìí iṣẹ́ ṣọ́jà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí pé báwo ni ìbọn ìsọdẹ ẹlẹ́nu méjì tí mo rà ṣe ń ṣe, ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó dáhùn. Mi ò kì í sọ̀rọ̀ nípa ìbọn tí mi ò tíì gbé nínú òjò àti nínú ọyẹ́. Ọdún 2016 ni mo ra tèmi. Ó ti tó àkókò tí mo lè sọ ibi tó dáa sí àti ibi tó kù sí, pàápàá ọ̀dọ̀ àwọn tó tà á fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó rà á. Zaria ni wọ́n ti kọ́ mi níṣẹ́, ní Depot, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ṣọ́jà, oṣù mẹ́fà gbáko. Ìbọn àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni FN, ìbọn tó ju kílò mẹ́rin lọ, tí ọta 20 ń wọ inú máágásíìnì rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá lo AK. Bí ẹ bá jí mi lóru òní, màá ka nọ́ńbà ara FN yẹn fún yín láìṣì. Mo ti gbàgbé ọjọ́ ìbí ìyàwó mi rí, ọ̀rọ̀ sì di ariwo nílé, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ìbọn kò kúrò lórí mi.

Ẹni tí kò ṣe ṣọ́jà rí á rò pé ìbọn yínyìn ni iṣẹ́ wa. Ìbọn nínù ni. O nù ún láàárọ̀, o nù ún nírọ̀lẹ́, sájẹ́ǹtì á wá ki aṣọ funfun bọ ẹnu rẹ̀. Bí aṣọ yẹn bá fi dúdú jáde, ìwọ àti ilẹ̀ ni ẹ óò jọ yanjú rẹ̀. Bí o bá gba ìbọn nílé ìbọn, wà á buwọ́ lùwé. Bí o bá dá a padà, wà á tún buwọ́ lùwé. Wọ́n á ka ọta fún ọ, wọ́n á kà á gbà lọ́wọ́ rẹ, bí ẹyọ kan bá dín, kò sẹ́ni tó máa fojú kan oorun ní bárékè lóru ọjọ́ náà. Nínú gbogbo ọdún 22 yẹn, mi ò bi ẹnikẹ́ni rí pé èló ni wọ́n ń ta ìbọn. Ìjọba ló rà á, ìjọba ló ń tọ́jú ibi tó ń sùn, tèmi ni kí n gbé e.

Nígbà tí ìfẹ̀yìntì kù díẹ̀, wọ́n kó wa lọ sí Oṣòdì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ṣọ́jà tó fẹ́ lọ sílé níṣẹ́ ọwọ́. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo mú. Mo wá da oko sí ọ̀nà Ìsẹ́yìn, téèyàn bá ti kọjá Mọ́níyà, mo gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Ọ̀yà ò mọ̀ pé ṣọ́jà ló loko. Ọdún àkọ́kọ́, ìdajì ẹ̀gẹ́ mi ni wọ́n fi eyín gé bí ẹni fi àdá bẹ́ ẹ. Ìgbà yẹn ni mo sọ pé n ó ra ìbọn.

Mo ti lérò pé n ó wá nǹkan tó jọ èyí tọ́wọ́ mi mọ̀. Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù tí mo lọ (àárín ìgboro Ìbàdàn ni, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ níwájú) rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, “Ọ̀gá ṣọ́jà, èyí tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn, ẹ gbàgbé ẹ̀.” Òótọ́ ló sọ. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, èyí tí wọ́n ṣe ní 1959, dárúkọ ìbọn ológun tí ọta 7.62 ń wọ̀, irú FN àti AK, láàárín àwọn tó jẹ́ èèwọ̀ fún ará ìlú. Ìbọn ìléwọ́ náà wà níbẹ̀. Ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́ ní Zaria nígbà tí mi ò tíì ní irùngbọ̀n gidi, òfin ní mi ò gbọ́dọ̀ ní in ní báyìí tí mo ti hewú. Èyí tí òfin gbà ni ìbọn ìsọdẹ tí o máa fi ọwọ́ ara rẹ ki ọta sí ní ẹyọ kan tàbí méjì. Pọ́ǹpù-áṣọ̀n tí àwọn ọmọdé ń fi yan lójú òde kò sí lára wọn. Ṣakabùlà ní abala tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìwé ló ń ṣíwájú, ìbọn á tẹ̀lé e. Ẹlẹ́yẹlé ni mo kó ìwé mi lọ bá àwọn ọlọ́pàá. Ọ̀gá tó bi mí léèrè ìdí tí mo fi fẹ́ gbébọn wo ìwé ìfẹ̀yìntì mi, ó wo ojú mi, mo ní, “Ọ̀yà ni, sà.” Ó ní kí n tún un sọ. Ọdọọdún ni wọ́n sì máa ń tún ìwé náà ṣe, kí ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó náwó.

Ó dáa, ìbọn gan-an wá ńkọ́? Dọ́bù-bárẹ́ẹ̀lì ni, ẹlẹ́nu méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọn ará Rọ́ṣíà ló ṣe é. Owó rẹ̀ ju ti ọ̀kadà tuntun kan lọ lọ́dún náà. Bàbá yẹn fi àtàǹpàkò ti irin kékeré tó wà lókè ọrùn rẹ̀, ìbọn náà sì tẹ̀ sí méjì bí ẹni kúnlẹ̀. Ó ní kí n gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, kí n wo inú rẹ̀. Inú ń dán bíi díńgí, nítorí wọ́n fi kúrómíọ̀mù bò ó, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí inú rẹ̀ tètè dípẹtà. Mo wò ó títí, mi ò rí àbàwọ́n kan.

Tírígà méjì ló ní. Ti iwájú ń yin ọ̀tún, ti ẹ̀yìn ń yin òsì. Ẹnu ọ̀tún fẹ̀ díẹ̀, àwọn hóró òjé wẹ́wẹ́ inú ọta rẹ̀ ń tètè tú ká, òun lo máa lò fún ohun tó wà nítòsí. Òsì fún jù ú lọ, ó ń kó hóró jọ títí á fi dé òkèèrè. Ó gbà mí tó oṣù méjì kí ìka mi tó mọ̀ pé tírígà kejì wà. Ìka ṣọ́jà ti mọ́ ọ̀kan lára. Wọ́n ń pe ìwọ̀n ẹnu rẹ̀ ní 12, ó sì máa ń rú àwọn èèyàn lójú pé ẹnu 12 tóbi ju ti 16 lọ. Bí o bá yọ́ òjé, tí o fi ṣe ọta róbótó tó bá ihò ìbọn náà mu gẹ́ẹ́, 12 irú rẹ̀ ló máa wọn póùn kan. Bí ihò bá ṣe kéré sí ni iye á máa pọ̀ sí.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ yìn ín, ìgbéraga ló mú mi. Mo dì í mú ṣákálá, torí pé FN ti gbá mi léjìká títí. Mo gbàgbé pé FN wúwo, ẹ̀rọ inú rẹ̀ sì ń gbà lára ìjì yẹn. Èyí ò ní nǹkan kan, igi lásán ni ìdí rẹ̀, kò sí rọ́bà níbẹ̀. Ó gbá mi débi pé mo bọ́ ẹ̀wù nílé, èjìká ti dúdú. Ìyàwó mi ń fi omi gbóná jó o, ó ń rẹ́rìn-ín: “Bàbá Títí, ṣebí ìwọ lo lọ sójú ogun?” Ẹ rán rọ́bà tàbí awọ sí ìdí rẹ̀, ẹ má tẹ̀lé tèmi.

Ẹ̀sùn mi wá dé. Ìbọn dáa, ọta tí wọ́n tà mọ́ ọn kò dáa. Páálí kan, ẹyọ 25 ló wà nínú rẹ̀. Nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́, mẹ́rin ni kò dún. Ẹ̀ẹ̀kínní tó ṣẹlẹ̀, mo fa tírígà, mo gbọ́ “kọ̀ọ́” péré. Ọmọ tí mo mú dání ní kí n ṣí i wò. Mo ní kó má sún mọ́ mi. Ìbọn tó bá kọ̀, o kì í ṣí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí kò séèyàn, wà á ka oókan títí dé ọgbọ̀n, torí ọta mìíràn máa ń pẹ́ kó tó dáhùn. Mo kà á pé. Nígbà tí mo yọ ọ́, ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ìbọn ti gbá a jinlẹ̀ dáadáa, ó túmọ̀ sí pé ìbọn ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Mo wá yí ìdí ọta náà sójú oòrùn: idẹ rẹ̀ ti ní àwọ̀ ewé, ẹnu rẹ̀ sì ti wú. Ọ̀rinrin ti wọ̀ ọ́. Ọta tó ti sùn ní ṣọ́ọ̀bù fún ọdún mélòó kan ni wọ́n dì fún mi.

Mo dá a padà. Bàbá ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọkùnrin tó jókòó sídìí ọjà ń tẹ fóònù, ó ní, “Ọjà tá a bá ti tà, a ò kì í gbà á padà, bàbá.” Mo to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tábìlì níwájú rẹ̀, mo jókòó, mo sọ fún un pé oṣù mẹ́fà ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó láìmira. Nígbà tó di ọwọ́ ọ̀sán, ó ká fóònù, ó pààrọ̀ mẹ́rin yẹn. Kò pààrọ̀ àwọn tó kù nínú páálí. Mi ò tún ra ọta lọ́dọ̀ wọn mọ́. Bí ẹ bá máa rà, ẹ tú páálí lójú wọn, ẹ yí ìdí rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa ẹyin.

Lórí oko, ìbọn náà kò já mi kulẹ̀. Ọ̀yà àkọ́kọ́ tí mo pa, ọta BB, èyí tí hóró inú rẹ̀ tóbi díẹ̀, ni mo lò, ó ṣubú síbi tó dúró. Ohun tẹ́nìkan ò sọ fún mi ni pé hóró òjé máa ń kù nínú ẹran. Ọmọ-ọmọ mi gé ọ̀kan jẹ nínú ọbẹ̀, ó pariwo, ó ní òkúta ni màmá àgbà fi sebẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, iyàwó mi máa ń fi ìka tẹ ẹran náà káàkiri kó tó gbé e kaná.

Bàbá Ọdẹ wa lóko, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣakabùlà ló ń lò. Á da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, á fi ọ̀pá gún un, á da ọta lé e, á tún gún un, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọfọ̀ lábẹ́nu. Mo kí i ní “Àrìnpa o, bàbá,” mo fi tèmi lé e lọ́wọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ sí méjì, ó ki ọta sí i, ó yọ ọ́, ó tún kì í. Ó ní, “Èyí ò gba àdúrà.” Mo rántí ogun Kírìjí. Láti 1877 títí dé 1893 làwọn baba wa nÍbàdàn fi wà nínú ogun yẹn, ọ̀kan lára ohun tó fojú wọn rí màbo ni ìbọn tó ń gba ọta láti ìdí, tí àwọn ọmọ Èkìtì tó wà l'Ékòó rà ránṣẹ́ sílé. Ẹni tó ń gún ẹ̀tù kò tíì ṣe tán, ẹnìkejì ti yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ibi tí ìyà wà ni ìtọ́jú. Lọ́dún kejì, òjò pa mí bọ̀ láti oko, mo ti ìbọn bọ inú àpò aṣọ rẹ̀, mo lọ sùn. Ọjọ́ kẹta ni mo tó ṣí i. Inú ihò ń dán bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ara irin lóde, níbi tí igi ti pàdé rẹ̀, ti yọ àmì pupa bíi ti ẹ̀gbẹ̀sì. Èmi tí mo ti fìyà jẹ àwọn ọmọ rikúrúùtù nítorí èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀! Ọ́ìlì àti aṣọ ni mo fi nù ún láti ààrọ̀ dọ̀sán, ojú ibẹ̀ ṣì hàn dòní. Ẹ má tọ́jú u sínú àpò aṣọ.

Wẹ́dà kan l'Ọ́jọ̀ọ́ ló bá mi ṣe àpótí irin, mo dè é mọ́ ògiri. Ọta wà lọ́tọ̀ nínú àpótí kékeré, ọwọ́ ìyàwó mi sì ni kọ́kọ́rọ́ tọta wà. Bí mo bá fẹ́ yìnbọn, a gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì. Ó ti kọ̀ fún mi rí lọ́jọ́ tí èmi àti aládùúgbò kan jà.

Ní alẹ́ Tuesday, ọjọ́ 16 oṣù Kínní 2024, nígbà tí nǹkan bú gbàmù ní Bódìjà, ilẹ̀kùn ilé wa mì. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé ohun abúgbàmù tí àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ kó pamọ́ sínú ilé kan ló fà á. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí aládùúgbò mi fi kanlẹ̀kùn. “Bàbá Ṣọ́jà, ẹ má bínú o. Kí lẹ kó sílé?” Ẹlòmíì á bínú. Èmi rántí 27 oṣù Kínní 2002, nígbà tí ilé ọta bú ní bárékè Ìkẹjà, tí àwọn èèyàn ń sá lọ bọ́ sínú kánáàlì l'Ókè-Àfà, tí òkú lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn, mo mọ àwọn tí ẹbí wọn kò padà sílé. Mo pe ìyàwó mi, ó mú kọ́kọ́rọ́ wá, a ṣí àpótí méjèèjì, aládùúgbò mi sì ka ọta náà fúnra rẹ̀. Ẹyọ 19.

Ṣé n ó tún un rà? Ìbọn, bẹ́ẹ̀ ni, ti Rọ́ṣíà yẹn náà. Ṣọ́ọ̀bù yẹn, rárá. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ torí òde àríyá tàbí òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó lọ ra bàǹgà. Wọ́n ti pè mí síbi òkú ọdẹ kan kí n wá yìn ín sókè, mo ní ọ̀yà ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù.

Mo ní ìwé kan tí mò ń kọ ọ́ sí: ọjọ́ tí mo gbé e jáde, iye ọta tó bá mi lọ, iye tó bá mi bọ̀, ohun tí mo pa. Ìyàwó mi ń buwọ́ lù ú. Lánàá, mẹ́ta lọ, ẹyọ kan bọ̀, ọ̀yà kan. Ó kù 11.