Kíláàsì Kòríà àti Jàpáàn tí mo sanwó fún

Ẹ kú òkun o, ẹ̀yin ará Kàbà. Mo ti parí kíláàsì orí WhatsApp tí mo san ₦3,000 fún, dátà ò sì ní pa mí báyìí. Tíṣà yẹn mọṣẹ́ gan-an! Ó ní nínú èdè méjèèjì yìí, ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa ń kẹ́yìn gbólóhùn, àmọ́ tí wọ́n bá ń tàkúrọ̀sọ wọ́n lè sọ ọ́ tán kí wọ́n wá so nǹkan mọ́ ọn lẹ́yìn, bíi ti Jàpáàn, "oishii ne, kore", ìyẹn ni pé ó dùn àbí, èyí, tàbí ti Kòríà, "meogeosseo, bap", mo ti jẹ ẹ́, ìrẹsì. Ohun tó wù mí jù ni pé "ne" yẹn ò kúrò lẹ́yìn "oishii", kò bá "kore" lọ sẹ́yìn rárá. Àṣé màmá mi náà ń ṣe é, "ó ti dé, ọmọ yẹn", ẹ̀rín pa mí.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó: ó sáré kọjá lórí ọ̀rọ̀ ìbéèrè, ó kàn ní a kì í sábà ju "nani", ìyẹn "kí ni" ní èdè Jàpáàn, sẹ́yìn báyẹn, kò ṣàlàyé. Fọ́ìsì nóòtì rẹ̀ sì gùn jù, nígbà tí kò síná, fóònù á ti kú. Máàkì 7 nínú 10 ni mo fún un.