Svalbard, Àǹtákítíkà tàbí South Georgia: èwo ni kí ẹ sanwó fún?

Ibi òtútù mẹ́ta tí èèyàn ń fi ọkọ̀ ojú omi lọ wo ẹranko nìyí: Svalbard, àwọn erékùṣù Nọ́wè ní ìhà àríwá ayé; Àǹtákítíkà, ní ìhà gúúsù ayé; àti South Georgia, erékùṣù kan ní gúúsù òkun Àtìláńtíìkì. Kí ẹ tó béèrè iye owó ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹranko tí ẹ fẹ́ rí. Béárì funfun kò sí ní Àǹtákítíkà, pẹ́ńgúìnì kò sì sí ní Svalbard. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má wo iye ọjọ́ tó wà lára ìwé ìpolówó. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ yín máa kan ilẹ̀ ni kí ẹ kà.

Ẹ wo ìrìnàjò ọjọ́ 11 láti Ushuaia, ní Ajẹntínà, lọ sí Antarctic Peninsula, apá Àǹtákítíkà tó gùn wọ inú òkun. Drake Passage, òkun tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 800, ló dábùú ọ̀nà. Bí ọjọ́ 2 ló ń gbà ní àlọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ní àbọ̀. Ẹ yọ ọjọ́ tí ẹ wọkọ̀ àti ọjọ́ tí ẹ máa bọ́ sílẹ̀, ọjọ́ 5 ló kù. Ti Svalbard yàtọ̀: Longyearbyen, ìlú kan níbẹ̀, lẹ ti ń wọkọ̀, àárín àwọn erékùṣù náà lẹ ti máa rìn, kò sí agbami tí ẹ máa là kọjá. Nínú ọjọ́ 8, ẹ lè fi 6 wá ẹranko. South Georgia ló jìnnà jù. Wọ́n sábà máa ń pa á pọ̀ mọ́ àwọn erékùṣù Falklands àti Antarctic Peninsula, àpapọ̀ rẹ̀ sì máa ń tó ọjọ́ 18 sí 23, ojú òkun lásán lẹ ti máa lo bí ìdá kan nínú mẹ́ta.

Síbẹ̀, tó bá jẹ́ torí ẹranko lẹ ṣe ń lọ, tí owó àti àyè sì wà, South Georgia la máa ní kí ẹ mú. Ní St Andrews Bay nìkan, pẹ́ńgúìnì ọba tó ń pamọ níbẹ̀ ju 100,000 tọkọtaya lọ. Ọmọ títọ́ wọn máa ń kọjá ọdún kan, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa bá àgbà àti ọmọ onírun àwọ̀ ilẹ̀ pa pọ̀ ní etíkun kan náà. Ti àwọn síìlì, ẹranko tó ń gbé inú òkun àti etíkun, ló gba kí ẹ fara balẹ̀ yan oṣù. Ní Oṣù Kẹwàá, akọ elephant seal, síìlì ńlá tó lè wọn tọ́ọ̀nù 3 sí 4, máa ń jà du abo. Ní Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kìíní, fur seal, síìlì onírun, máa ń kún etíkun bámúbámú, wọ́n máa ń gé èèyàn jẹ, àwọn etíkun kan kò sì ṣeé sọ̀ sí rárá. Ẹ mú Oṣù Kọkànlá, tàbí kí ẹ dúró di Oṣù Kejì. Kí ẹ sì mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tútù lè ṣàdédé já bọ́ látorí òkè yìnyín, kí wọ́n sì fagi lé sísọ̀kalẹ̀ ọjọ́ náà.

Ní Svalbard, òfin ti yí padà. Láti ọjọ́ 1 Oṣù Kìíní 2025, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sún mọ́ béárì ju mítà 300 lọ. Láti ọjọ́ 1 Oṣù Kẹta sí ọjọ́ 30 Oṣù Kẹfà, mítà 500 ni. Ẹni tó bá ń retí fọ́tò ojú béárì kó má tan ara rẹ̀. Awò awọ̀nàjíjìn 10x42, èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10, ló máa wúlò fún un ju fóònù lọ. Pẹ́ńgúìnì ní tiẹ̀, mítà 5 ni wọ́n ní kí ẹ fi jìnnà sí i, ó sì lè fúnra rẹ̀ rìn wá bá yín.

Iye èrò inú ọkọ̀ ni ìbéèrè tó kàn. Ní Àǹtákítíkà, ìlànà IAATO, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kó arìnrìnàjò lọ síbẹ̀, ni pé èèyàn tó wà lórí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò gbọ́dọ̀ ju 100 lọ, ọkọ̀ tó bá sì kó ju èrò 500 lọ kò gbọ́dọ̀ sọ ẹnikẹ́ni kalẹ̀. Ọkọ̀ elérò 200 máa pín wọn sọ́nà méjì: ìdajì á wà lórí ilẹ̀, ìdajì á máa fi ọkọ̀ rọ́bà kiri. Ní Svalbard, ọkọ̀ tó kó ju 200 lọ kò lè wọ àwọn àgbègbè tí wọ́n ń dáàbò bò. Ọkọ̀ ńlá kì í sábà mì tó ti kékeré, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àkókò orí ilẹ̀ lẹ fi ń san án.

Tí èébì òkun bá ń bà yín lẹ́rù, yàrá ìsàlẹ̀ ní àárín ọkọ̀ ni kí ẹ gbà, kì í ṣe tòkè tó ní bálíkónì. Oògùn rẹ̀, kí ọkọ̀ tó ṣí ni kí ẹ ti lò ó. Ẹni tó bá ti ń bì kò ní lè gbé e mì. Ọkọ̀ òfuurufú tún wà láti Punta Arenas, ní Chile, sí King George Island, ní Àǹtákítíkà, bíi wákàtí 2, àmọ́ kùrukùru lè dá a dúró. Ẹ fi ọjọ́ 2 sílẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn.

Ṣòkòtò tí omi kì í wọ̀ ṣe pàtàkì ju kóòtù lọ, torí ilé iṣẹ́ púpọ̀ máa ń fún èrò ní kóòtù, wọ́n sì ń yá wọn ní bàtà òjò. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣòkòtò wà níta bàtà. Tí ẹ bá kì í bọ inú bàtà, omi á gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tí ẹ bá ń wọ ọkọ̀ rọ́bà, ẹ má di nǹkankan mú: ẹ fún atukọ̀ ní ọrùn ọwọ́, kí ẹ̀yin náà di tirẹ̀ mú. Ẹ gbá èso koríko kúrò nínú àpò àti ìdè aṣọ yín kí ẹ tó kúrò nílé, torí wọ́n máa ń yẹ ẹrù wò fínnífínní ní South Georgia. Láti ìgbà tí àrùn ẹyẹ ti dé ibẹ̀ ní Oṣù Kẹwàá 2023, ẹ kò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ tàbí gbé báàgì sílẹ̀ nítòsí ẹranko.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ rí i pé ìbánigbófò yín bo gbígbé aláìsàn jáde láti ojú òkun. Svalbard kò sí lábẹ́ Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà, Nọ́wè sì wà lára wọn, nítorí náà, ẹni tó nílò físà Schengen gbọ́dọ̀ gba èyí tó lè fi wọlé lẹ́ẹ̀mejì, torí Nọ́wè náà ló tún máa gbà padà.