Àwọn tó gbé ìsìnkú Màámi sórí fídíò fún mi n'Íléṣà
Tòróńtò ni mo wà nígbà tí Màámi kú, ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde, mi ò lè wálé. Àbúrò mi ló bá mi háyà àwọn tó ń ya fídíò ní Òkè-Ọmìrù. Aago 10 àárọ̀ tiwọn, aago 5 ìdájí tèmi, mo ti wé gèlè jókòó síwájú fóònù, èmi nìkan nínú kíṣìnì. Àwòrán mọ́ o, àmọ́ bí wọ́n ṣe dé ibojì báyìí ni nẹ́tíwọ̀kì lọ, mo kàn ń pariwo pé mi ò rí wọn mọ́! Ṣùgbọ́n ọmọ tó mú kámẹ́rà yẹn, Ọlọ́run á bá mi ṣe é lóore, ó padà lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó pè mí, ó ní "Àǹtí, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀," ó gbé fóònù sílẹ̀ síbi ibojì, ó sún sẹ́yìn. Owó wọn wọ́n díẹ̀ ṣá.