Dìfurẹ́ńṣà tòkunbọ̀ àbí bíárìn tuntun: èwo lẹ máa rà fún jíìpù tó ti pẹ́?

Tí jíìpù yín bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n, ohun tí mẹkáníìkì máa kọ́kọ́ sọ ni pé dìfurẹ́ńṣà, ìyẹn àpótí gíà tó wà láàárín taya méjèèjì, ti lọ, ẹ lọ ra òmíì. Ẹ má tíì fún un lówó o! Bíárìn taya náà máa ń kùn báyẹn.

Ẹ gbé e sójú títì tó tẹ́jú. Tí ìró yẹn bá ń yí padà bẹ́ ẹ ṣe ń tẹná tẹ́ ẹ sì ń fi sílẹ̀, inú dìfurẹ́ńṣà ni, ọ̀dọ̀ píníọ̀nì, ìyẹn gíà kékeré tó ń yí gíà ńlá inú ẹ̀. Tí kò bá kan iná ṣùgbọ́n tó ń le sí i tẹ́ ẹ bá yà sọ́tùn-ún, bíárìn taya òsì ni kẹ́ ẹ fura sí, torí ọ̀hún ni ẹrù mọ́tò máa ń fì sí. Ẹ jáàkì ẹ̀, ẹ di taya mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì í wò. Lẹ́yìn náà ẹ tú ọ́ìlì dìfurẹ́ńṣà sínú abọ́: lẹ́búlẹ́bú irin díẹ̀ ò burú, tó bá dà bíi tíì oní mílíìkì omi ti wọ̀ ọ́, àmọ́ tí eyín gíà bá já bọ́ sínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ bíárìn nìkan kọ́ nìyẹn mọ́.

Tí eyín bá ṣì pé, bíárìn tuntun ni mo fara mọ́. Gíà yín náà lẹ ṣì ń lò. Wàhálà ẹ̀ ni pé ayédèrú pọ̀ lọ́jà, bíárìn píníọ̀nì sì gba kí wọ́n fi géèjì wọ̀n ọ́n, ẹni tó bá sọ fún yín pé ọwọ́ òun ti mọ̀ ọ́n, ẹ gbé mọ́tò yín kúrò níbẹ̀. Bíárìn taya ò le tó yẹn, ṣùgbọ́n ẹ má fi falẹ̀ o, pàápàá lórí 4Runner ọdún 1996 sí 2002, torí ṣáàfù ẹ̀yìn ẹ̀, irin gbọọrọ tó ń yí taya, ló gbé ìwúwo mọ́tò, tí bíárìn bá fọ́ taya lè yọ jáde tòun ti ṣáàfù. Ti ọ̀pọ̀ Land Cruiser 80 yàtọ̀, họ́ọ̀bù, ìyẹn ibi tí wọ́n ń de taya mọ́, ló ń gbé ìwúwo tiẹ̀ lẹ́yìn.

Tòkunbọ̀ yá ní tiẹ̀, wọ́n lè rà á ní Ladipo kó dé Adó, kí wọ́n tú ti àtijọ́ kí wọ́n sì so ó mọ́ ọn, òun náà ló kù tí eyín bá ti kán. Àmọ́ ta ló mọ ohun tójú ẹ̀ ti rí? Ẹ fọwọ́ yí i kẹ́ ẹ tó sanwó, tó bá ń há tàbí tó ń rin, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wá ka eyín gíà ńlá ẹ̀ àti ti píníọ̀nì: 41 lórí 10 ni 4.10, 43 lórí 10 ni 4.30. Tí tiwájú bá jẹ́ 4.10 tẹ́ ẹ lọ fi 4.30 sẹ́yìn, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wọ four-wheel lórí ilẹ̀ gbígbẹ wọ́n á máa bára wọn fà á títí transfer case, àpótí gíà tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn, á fi bàjẹ́. Irọ́ ni ẹni tó ń tà á ń pa tó bá ní ìkan náà ni gbogbo wọn.

Èyí tó wù kẹ́ ẹ rà, ọ́ìlì gíà GL-5 80W-90 lọ́pọ̀ wọn ń mu. Kẹ́ ẹ sì yọ breather, ihò tí dìfurẹ́ńṣà fi ń mí, fọ̀, tó bá dí, ọ́ìl sílì tuntun tí wọ́n bá fi sí i náà á tún máa jò.