Ejẹ́ńtì kan ní Allen gba 350,000 lọ́wọ́ mi fún QTS tí wọ́n ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ̀nà Allen ní Ìkẹjà ló wà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ní àwọn máa ń bá tíṣà ṣe ìwé iṣẹ́ ní London. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn, ọmọbìnrin tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà wọn ló sì ni méjèèjì, ẹ máa gbọ́ ìdí.

Máàtì ni mò ń kọ́ ní sẹ́kọ́ńdírì kan ní Bàrígà, ọdún kẹsàn-án mi rèé, B.Sc.Ed ni mo kà, mo sì ní ìwé TRCN, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Láti February 2023 ni England ti jẹ́ kí tíṣà Nàìjíríà máa gba QTS, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé èèyàn yege láti ṣe tíṣà lọ́dọ̀ wọn, àwa tá à ń kọ́ máàtì, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè ilẹ̀ òkèèrè fún ọmọ ọdún 11 sí 16 ni wọ́n ṣe é fún. Látìgbà yẹn kò sí sùkúù tí tíṣà ò ti ń sọ ọ́. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan ló mú mi dé ọ́fíìsì Allen yẹn.

Ọ̀gá wọn bi mí pé kí ni mò ń kọ́, mo ní máàtì, ló bá na ọwọ́ sí mi, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti dé London nìyẹn!" Ó ní 10,000 pọ́n-ùn tí ìjọba wọn fi ń ran tíṣà tó ń kó bọ̀ lọ́wọ́ tún ń dúró dè mí. Físíìsì àti èdè ni wọ́n ṣètò owó yẹn fún, máàtì ò sí níbẹ̀, mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn. Ó ní 350,000 náírà fún QTS, 180,000 fún PGDE, ìyẹn dípúlómà iṣẹ́ tíṣà téèyàn ń ṣe lẹ́yìn dìgírì, tí iṣẹ́ bá wá jáde kí n mú mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ wá fún CoS, ìyẹn ẹ̀rí látọ̀dọ̀ sùkúù tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́, tí mo máa fi gba físà. Mo san 350,000 lójú ẹsẹ̀, owó èésú tí mo dá fún ọdún kan gbáko ni.

PGDE yẹn ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú. B.Sc.Ed ti ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tíṣà nínú, a ṣe teaching practice, wọ́n wá wò wá ní kíláàsì, kí ni mo tún ń wá lọ síbi PGDE? Ẹni tó ka B.Sc. lásán ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ tíṣà ò yẹ kó má mọ ìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ìyàwó mi ń ka wẹ́búsáìtì ìjọba wọn lórí fóònù, ló bá ní "Bàbá Tóbi, ẹ wá wò ó, lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n kọ síbí o." Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni lóòótọ́, lára ohun tí wọ́n ń béèrè ni sátífíkéètì, tránskíríìpù, lẹ́tà látọ̀dọ̀ TRCN pé wọn ò fòfin dè ẹ́, ẹ̀rí pé o gbọ́ Òyìnbó, àti ẹ̀rí pé o ti ṣe tíṣà fún ọdún ẹ̀kọ́ kan ó kéré tán.

Mo ṣì fẹ́ fara mọ́ ọn, mo ní bóyá owó iṣẹ́ wọn ni. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni wọ́n pè mí pé iṣẹ́ ti jáde. Ọ̀gá gbé ìwé kan síwájú mi, ó ní CoS mi nìyẹn, bébà tó nípọn, òǹtẹ̀ góòlù wà nísàlẹ̀ ẹ̀, mo fọwọ́ pa á, ó yọ gọngọ. Sùkúù ní Birmingham. Mo ní kó jẹ́ kí n ya fọ́tò ẹ̀, kò fẹ́, ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà yẹn ló ní "ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n yà á ná."

Nígbà tí mo délé la wá rí ohun tó wà níbẹ̀. Ìmeèlì sùkúù jẹ́ Gmail, pósítíkóòdù wọn fi M bẹ̀rẹ̀, Manchester nìyẹn, B ni ti Birmingham. A lọ síbi tí ìjọba wọn kó orúkọ gbogbo ẹni tó láṣẹ láti gba òṣìṣẹ́ láti òkèèrè sí, gbogbo ayé ló lè wò ó, fáìlì ẹ̀ tóbi débi pé dátà ìyàwó mi tán kó tó ṣí, iná ò sí, a tẹ orúkọ sùkúù yẹn lọ́nà mẹ́ta, kò sí níbẹ̀. Ẹ tún gbọ́ o, CoS kì í ṣe bébà rárá, inú kọ̀ǹpútà ìjọba wọn ló wà, nọ́ńbà ẹ̀ ni sùkúù máa fún èèyàn. Sùkúù ló sì ń sanwó ẹ̀, láti 31 December 2024 wọn ò gbọdọ̀ gbà á padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ohun tó kàn wá ni owó físà àti owó ìlera, ti ìlera yẹn nìkan jẹ́ 1,035 pọ́n-ùn lọ́dún kan fún àgbà.

Wọ́n tún ti ń tì mí pé kí n tètè lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ fée tí wọ́n ń béèrè fún físà. Oṣù mẹ́fà péré ni ìwé yẹn ń lò, iṣẹ́ ò tíì sí, owó á kàn wọgbó ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gba Maryland lọ bá wọn lọ́fíìsì pé kí wọ́n dá owó mi padà, lẹ́yìn ìparí sùkúù, nínú gòsíló, kí n tó rí nǹkan gbà. Ọmọbìnrin yẹn mú ríséètì mi, ó wọlé lọ bá ọ̀gá, mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, "sà, tíṣà ni wọ́n, ẹ má ṣe báyìí fún wọn." Wọ́n tránsífà 200,000 fún mi lọ́jọ́ yẹn. 150,000 tó kù, wọ́n ní iṣẹ́ ti jẹ ẹ́.

Mo wá lọ sí ilé kọ̀ǹpútà kékeré kan ní Akọka, ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ fi rúlà tẹ́ ojú sátífíkéètì mi tó ti ká kó tó skáànì ẹ̀, gbogbo ẹ̀ 4,500 náírà. Mo fúnra mi kún fọ́ọ̀mù náà, QTS mi ti jáde báyìí, mo ti ṣe ìntáfíù méjì lórí fídíò, mo ṣì ń wá sùkúù tó máa fún mi ní CoS.

Fáìlì àwọn sùkúù tó láṣẹ yẹn ṣì wà lórí fóònù mi. Tí wọ́n bá ti fún yín ní orúkọ sùkúù kan, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kẹ́ ẹ tó sanwó, mo máa bá yín wò ó, mi ò ní gba kọ́bọ̀.