Ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta splitter àti bústà ayédèrú káàkiri

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí dáadáa kí ẹ tó kówó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ pé kó bá yín fa tẹlifíṣọ̀n dé gbogbo yàrá. Àwọn kan ń kiri àdúgbò wa ní Ìbàdàn báyìí pẹ̀lú splitter (ẹ̀rọ kékeré tó ń pín wáyà tẹlifíṣọ̀n kan sí púpọ̀) àti bústà (ẹ̀rọ tó ń fún sígínà lágbára). Ohun tí wọ́n fi ń mú èèyàn ni pé: "Ẹ ṣáà ti ní decoder kan, yàrá mẹ́rin á máa wo ìkànnì tó bá wù wọ́n." Irọ́ gbuu ni.

Ohun tó ń jáde lẹ́yìn decoder kò ju ìkànnì ẹyọ kan lọ. Bí ẹ pín in sí yàrá mẹ́wàá, ìkànnì kan náà ni gbogbo wọn máa wò. Àwọn ọmọ yí i sí káàtúùnù ní pálọ̀, ìròyìn tí màmá ń wò ní yàrá ti lọ nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ kí oníkálukú wo tiẹ̀, wáyà tó ń ti orí èríàlì bọ̀ lẹ máa pín kó tó dé ara decoder, yàrá kọ̀ọ̀kan á sì ní decoder tiẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n tó bá ní DVB-T2 (ohun tó ń gba ìkànnì digital láti orí èríàlì) nínú lè mú ìkànnì ọ̀fẹ́ láìsí decoder, ṣùgbọ́n èyí tí a ń sanwó fún kò ní ṣí. Àwọn tí mò ń sọ yìí mọ gbogbo èyí, owó ni wọ́n ń wá.

Wọ́n gba ₦45,000 lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, pálọ̀ ń ṣiṣẹ́. Kó tó di ọjọ́ kejì, àwòrán ti ń dúró gbagidi, ó ń já wẹ́wẹ́, wọ́n sì ti ná pápá bora.

Mo tú bústà náà. Àdápítọ̀ 12V wà lóòótọ́, iná pupa kékeré sì ń tàn lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú rẹ̀, wáyà kan ṣoṣo ló ti ẹnu àbáwọlé lọ tààrà sí ẹnu àbájáde. Kò sí transistor, kò sí IC, ìyẹn àwọn ohun tó ń fún sígínà lágbára. Iná pupa yẹn nìkan ni àdápítọ̀ ń bọ́! Mo ṣí splitter náà. Nínú èyí tó dáa, ẹ máa bá òrùka dúdú kéékèèké bí ìlẹ̀kẹ̀, tí wọ́n we wáyà bàbà tín-ín-rín mọ́. Nínú ti ẹ̀gbọ́n mi, ṣe ni wọ́n so gbogbo ẹnu rẹ̀ pọ̀ sójú kan, wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó o. Inú bí mi gan-an.

Splitter ẹlẹ́nu mẹ́jọ ni wọ́n tà fún ẹ̀gbọ́n mi, bẹ́ẹ̀ yàrá mẹ́ta péré ló ní tẹlifíṣọ̀n. Jìbìtì nìyẹn náà, torí splitter gidi pàápàá kì í fi kún sígínà, ṣe ló ń pín in. Ẹlẹ́nu méjì ń jẹ nǹkan bíi 3.5 dB (ohun tí a fi ń wọn sígínà tó sọnù), ìyẹn ni pé ẹnu kọ̀ọ̀kan kò rí ìdajì. Ẹlẹ́nu mẹ́rin ń jẹ nǹkan bíi 7 dB, ó kù bí ìdá kan nínú márùn-ún fún ẹnu kọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́nu mẹ́jọ ń jẹ nǹkan bíi 11 dB. Iye yàrá yín ni kí ẹ fi ra ẹnu. Èyí tí kò bá sí ẹni tó ń lò ó, ẹ fi ìdérí 75 ohm dí i. Bí bústà bá pọn dandan, ìtòsí èríàlì ni kó wà, ṣáájú splitter, nítorí bí sígínà bá ti kú tán, ariwo (ìdàrúdàpọ̀ inú sígínà) ni bústà máa gbé ga.

Wáyà náà ńkọ́? "Bàbà pọ́ńbélé" ni wọ́n pè é. Ẹ yọ magnet lára sípíkà tó ti bàjẹ́, ẹ fi kan okùn àárín wáyà náà. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin tí wọ́n fi bàbà bò ni. Kì í ṣe pé irú wáyà bẹ́ẹ̀ ò wúlò fún èríàlì lásán o, torí ara bàbà òkè ni sígínà ń gbà. Àmọ́ ẹ má san owó bàbà fún un, ẹ má sì fi gbé iná lọ sí bústà orí òpó tó jìnnà. Ẹ wo àwọ̀n abẹ́ awọ rẹ̀ náà. Ti ẹ̀gbọ́n mi, okùn rẹ̀ kéré débi pé ẹ lè kà á.

Ẹ̀yin tó ń lo díìṣì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta splitter èríàlì fún yín. Decoder díìṣì ń fi iná 13V tàbí 18V pàṣẹ fún LNB (ojú díìṣì tó ń gba sígínà), decoder méjì lórí ẹnu kan á máa bára wọn jà. LNB ẹlẹ́nu méjì lẹ nílò.

Kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n tan gbogbo tẹlifíṣọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n yọ bústà kúrò, kí wọ́n tún fi padà. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan, ẹ dá a padà fún wọn. Ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ, àdírẹ́sì àti ohun tí wọ́n ní ọjà náà máa ṣe. Lábẹ́ òfin FCCPA ti 2018, òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, bí ẹ bá sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ọjà ṣe fún ẹni tó tà á, tí kò sì lè ṣe é, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà. Rìsíìtì yẹn àti fọ́tò inú bústà lẹ máa kó lọ fún FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà.